Kí Ọwọ́ Má Fi Ìṣirò Sílẹ̀: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Iṣẹ́ Ìwádìí Mechanics

(Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama, àwọn ọmọ yunifásítì àti àwọn òbí ni mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí ní Bódìjà, Ìbàdàn. Mo tún un tò díẹ̀ kó lè ṣeé kà.)

Alága ìjókòó, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn bí ẹni tó fẹ́ sá lọ: ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru. Wọ́n ní kí n wá sọ ọ̀nà tí èèyàn ń gbà di onímọ̀ ìwádìí nínú mechanics, ìyẹn ẹ̀ka ìmọ̀ tó ń wádìí bí nǹkan ṣe ń gbé ẹrù, bó ṣe ń tẹ̀, bó ṣe ń gbọ̀n, bó ṣe ń ṣàn, àti ohun tó ń mú kó dá. Ìwé tí wọ́n fi pè mí ti to ọ̀nà náà lẹ́sẹẹsẹ: girama, dìgírì àkọ́kọ́, másítàsì, PhD, iṣẹ́. Ó dùn ún wò lórí pátákó. Àmọ́ mo mọ àwọn tó gba gbogbo oyè yẹn tán tí wọn ò lè sọ fún yín ìdí tí sípíríǹgì takisí Micra fi ń ṣẹ́ ní títì Ìwó Road. Mo sì mọ àwọn wẹ́dà ní Gate tó jẹ́ pé bí wọ́n bá wo irin lẹ́ẹ̀kan, wọn á fi ìka tọ ibi tó máa ti ṣẹ́ lọ́la, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn ní ìṣirò kankan.

Ẹni tí ìmọ̀ àwọn méjèèjì bá pàdé lára rẹ̀ ni mo ń pè ní onímọ̀ mechanics. Ohun tí mo wá sọ kò sì ju èyí lọ: ní gbogbo ìpele ọ̀nà yìí, nǹkan kan máa wá gba ọ̀kan lọ́wọ́ yín, bí kì í bá ṣe iṣẹ́ ọwọ́, ìṣirò ni. Ẹ má fún un.

Ẹ wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Mo di etí kan rẹ̀ mú, etí kejì ti wó. Kò lè gbé ara rẹ̀ pàápàá. Ó dáa, mo ti ká a báyìí, ká lọ ká bọ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo gbé e sórí ife méjì, mo gbé bírò lé e, mo tún gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lé e. Kò wó. Ìwé kan náà ni o, n kò fi nǹkan kan kún un.

Ẹni tó bá dúró ní Mápó tàbí Òkè-Ààrẹ tó bojú wo ìsàlẹ̀, ohun tó ń wò nìyẹn lórí gbogbo ilé. Páànù ni, ó ní ìgbì. Bí ẹ bá mú irin pẹrẹsẹ, tí ẹ sọ nínípọn rẹ̀ di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń kọ̀ láti tẹ̀ kò ní dúró lórí ìlọ́po méjì. Ìlọ́po mẹ́jọ ni yóò dà. Méjì lọ́nà méjì lọ́nà méjì, bí àwọn ọmọ girama ṣe máa sọ ọ́. Ìgbì tí wọ́n fi sára páànù ń gbé irin kúrò láàárín, ó ń gbé e lọ sókè àti sísàlẹ̀, nítorí náà irin tín-ínrín ń hùwà bí èyí tó nípọn, ẹni tó rà á kò sì san owó irin tó nípọn. Galileo, onímọ̀ ará Ítálì, ló kọ́kọ́ fi ìṣirò bi ìbéèrè náà nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1638: bí òpó igi bá yọ jáde lára ògiri, ẹrù mélòó ni ó lè gbé ní orí kó tó dá? Ìbéèrè rẹ̀ dára, ìdáhùn rẹ̀ kò péye, nítorí ó rò pé gbogbo ojú ibi tí igi ti fẹ́ dá ni ìfà ń fà, kò mọ̀ pé apá kan ń fà, apá kejì ń fún pọ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí ọ̀rọ̀ náà tó tò. Mo sọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọkún bí ìṣirò kan bá gbà yín ní ọ̀sẹ̀ kan.

Àwa náà sì ti ń fi ọwọ́ ṣe mechanics láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Onídùndún tó há ìlù sí abíyá, tó ń fún ọsán rẹ̀, ìfà awọ ló ń yí padà kí ohùn lè gòkè tàbí kó sọ̀. Ìṣirò rẹ̀ wà nínú ìwé: kí ohùn awọ tó lè gòkè ní ìlọ́po méjì, ìfà rẹ̀ gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí ìgbọ̀nwọ́ fi ń ro ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìlù, pàápàá ní òkè ohùn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti girama. JAMB máa béèrè Gẹ̀ẹ́sì, Maths, Physics àti Chemistry lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ka ẹnjiníà, gbogbo yín lẹ mọ ìyẹn. Èyí tí wọn kì í sọ ni pé Further Maths àti Technical Drawing ló ń ya ọmọ sọ́tọ̀ nígbà tó bá yá. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ti pa méjèèjì tì, wọ́n ní kò sí olùkọ́, wọ́n ní ó máa ba èsì WAEC ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́. Ẹ̀yin òbí, owó lẹ́sìnnì tí ẹ ń san kí ọmọ lè gba A nínú nǹkan tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ yọ díẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ fi wá ẹni tó lè kọ́ ọ ní Further Maths. Technical Drawing sì ni ibi tí ọmọ ti ń kọ́ láti rí ohun tí kò tíì sí. Bí kò bá rí i, kò ní lè ṣírò rẹ̀.

Mechanical Engineering kì í sì í ṣe ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Ẹni tó ka Civil, ẹni tó ka Agricultural Engineering, ẹni tó ka ìmọ̀ irin àti ohun èlò bíi ti Ifẹ̀, ẹni tó ka Maths tàbí Physics lásán, gbogbo wọn ló ń pàdé nínú mechanics. Ní yunifásítì Ìbàdàn tiwa níbí, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1948 lábẹ́ yunifásítì London tó sì dá dúró ní 1962, ẹ̀ka kan wà fún iṣẹ́ ẹnjiníà tó jẹ mọ́ igi nìkan. Ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹni tí JAMB ò fún ní Mechanical, kó má ṣe fi ọdún mẹ́ta jókòó sílé nítorí orúkọ ẹ̀ka.

Ọdún márùn-ún ni ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ní yunifásítì wa, bí kò bá sí ìyanṣẹ́lódì. (Wọ́n rẹ́rìn-ín.) Ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko, àwọn ọmọ wà nílé. Mo mọ àwọn tó fi oṣù mẹ́jọ yẹn kọ́ Python, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, lórí fóònù, mo mọ àwọn tó lọ dúró ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, mo sì mọ àwọn tó fi ṣe pọọ́lù.

Nínú ọdún márùn-ún yẹn ni wọ́n ti máa ń gba ọwọ́ kúrò lára ọmọ. Láàbù wà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa irin títí yóò fi já wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ọgọ́ta ló yí i ká, iná lọ lójijì, olùkọ́ ní kí wọ́n da èsì ọdún tó kọjá kọ. Ọmọ á gba A nínú Strength of Materials láìtíì gbọ́ ìró irin nígbà tó já rí. Ìró yẹn ṣe pàtàkì. Irin rírọ̀ máa ń fà gùn kó tó já, ọrùn rẹ̀ á tín-ínrín, ó ń kìlọ̀ fún yín. Àmọ́ irin dídà, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ojú ẹ́ńjìnnì àtijọ́, kì í kìlọ̀, ṣáá ló máa ń dún. Ẹni tó bá ti gbọ́ méjèèjì, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa há ìyàtọ̀ wọn sórí.

Oṣù mẹ́fà SIWES, ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́, ni ìjọba fi sílẹ̀ kí ọwọ́ lè padà. Kí ni àwọn ọmọ fi ń ṣe? Wọ́n ń lọ sí ọ́fíìsì ọ̀rẹ́ dádì, ibi tí A.C. wà, wọ́n ń ṣe fọ́tókọ́pì, wọ́n á wá kún ìwé logbook ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn kò ní àwáwí. IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, wà ní ẹ̀yìn odi ìlú láti 1967, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀gẹ́, iṣu àti àgbàdo, ẹ̀rọ ìlọ̀ àti ìfún sì ni ọ̀rọ̀ gàrí gbẹ́yìn sí. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó wà ní Jericho láti 1954. Kí wọ́n tó ní igi báyìí ṣeé fi ṣe òpó, ẹnì kan ti ní láti tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ ẹ̀rọ títí tó fi dá, kó sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. UCH, ilé ìwòsàn ńlá, wà níbí, egungun tó ṣẹ́ kún ibẹ̀, irin tí wọ́n fi ń di egungun náà sì máa ń ṣẹ́ nígbà mìíràn. Bí wọn ò bá gbà yín ní gbogbo ibẹ̀, ẹ lọ bá àwọn tó ń da irin. Ẹ bọ̀wọ̀ fún wọn, ẹ pè wọ́n ní ọ̀gá, ẹ gbálẹ̀ bí wọ́n bá ní kí ẹ gbálẹ̀.

Bí ẹ bá ní kí n dárúkọ ọmọ Yorùbá kan tí ọwọ́ àti ìṣirò kò pínyà lára rẹ̀, Ayọ̀délé Awójobí ni. Wọ́n bí i lọ́dún 1937. Ó gba First Class nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Zaria ní 1962, ó lọ sí Imperial College ní London, ó gba PhD ní 1966. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní ìta mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí alátakò ìjọba, ẹni tó ń gbé ẹjọ́ ìbò lọ kóòtù. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní yunifásítì Èkó rántí Autonov 1, ọkọ̀ jíìpù tó tún ṣe títí tó fi lè máa lọ síwájú àti sẹ́yìn pẹ̀lú gbogbo jíà rẹ̀, tí ìdarí kejì wà ní ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, iṣẹ́ tó tóbi jù níbẹ̀ ni èyí tí aráàlú kò rí. Òun àti Grootenhuis, olùkọ́ kan ní Imperial College, tẹ ìwádìí kan jáde ní 1965 nínú ìwé ìròyìn Royal Society, ẹgbẹ́ onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí bí ohun líle tó jókòó sórí ilẹ̀ ṣe ń gbọ̀n, àti bí ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n padà. Ẹ ronú nípa jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé yín. Ó ń gbọ̀n, ilẹ̀ ń gbà á, fèrèsé aládùúgbò ń dún. Ilẹ̀ kò lópin, ìgbọ̀n náà ń lọ ní gbogbo ọ̀nà, kò sì ń padà wá. Ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe kékeré, kò sì sí kọ̀ǹpútà bíi ti òde òní nígbà náà. Nínú 1974 ni London fún un ní DSc, oyè tó ga ju PhD lọ, tí wọ́n ń fún èèyàn lórí àkójọ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀. Ọdún náà ló di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọdún mẹ́wàá péré lẹ́yìn rẹ̀ ló kú, kò pé 50.

Bí ẹ bá parí dìgírì, ẹ máa sin ìlú ní ọdún kan, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ òkè òkun máa dé. Mi ò ní fi àkókò ṣòfò lórí bóyá ó dára kí èèyàn lọ tàbí kó dúró. Ẹni tó fẹ́ lọ á lọ. Ní Amẹ́ríkà, yunifásítì ló sábà máa ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ PhD ẹnjiníà, tí yóò tún fún un ní owó oṣù kó lè máa kọ́ àwọn kékeré tàbí kó ṣiṣẹ́ láàbù; nítorí náà ẹni tó ń san owó gọbọi fún másítàsì níbẹ̀ kí ó tó wá ronú PhD ń ra nǹkan tí wọ́n lè fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Jámánì, ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba kì í gba owó ìkẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n àwọn kan ń gbà á, bíi ti ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba 1,500 Euro ní sáà kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àjèjì tí kì í ṣe ará Yúróòpù ní 2017. Ọmọ PhD ẹnjiníà níbẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù. PTDF, àjọ ìjọba wa tó ń fi owó epo rọ̀bì kọ́ni, ti rán ọmọ Nàìjíríà lọ rí, ètò ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ Commonwealth ń gba ọmọ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, DAAD, àjọ àwọn ará Jámánì, ń gba wọn lọ sí Jámánì. Gbogbo èyí wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ kà á.

Èyí tí kò sí níbẹ̀ ni bí a ṣe ń kọ lẹ́tà sí ọ̀jọ̀gbọ́n. Lẹ́tà tó ń ti Nàìjíríà wá sọ́dọ̀ àwọn èèyàn yẹn pọ̀, ọ̀kan náà sì ni gbogbo wọn: "Mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó múná, mo nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ ìwádìí yín púpọ̀." Wọn kì í kà á dé ìsàlẹ̀. Ẹ ka àpilẹ̀kọ ẹni náà kan ṣoṣo, ẹ kà á títí tí ẹ óò fi rí ibi tó dákẹ́, kí ẹ wá béèrè ìdí tó fi dákẹ́ níbẹ̀. Ìlà mẹ́rin ti tó. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń bá ẹni náà ṣiṣẹ́ bí ó ṣe ń ṣe sí èèyàn, nítorí ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ẹ máa wà lábẹ́ rẹ̀. Orúkọ yunifásítì kò ní gbà yín lọ́wọ́ ọ̀gá burúkú.

PhD fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹnì kan, ẹ óò lóye rẹ̀. A. A. Griffith kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Liverpool, ó sì wọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Farnborough ní 1915. Níbẹ̀ ni òun àti G. I. Taylor ti dojú kọ ìbéèrè kan: bí ọ̀pá irin kò bá rí róbótó, tí a sì lọ́ ọ, ibo lára rẹ̀ ni ìyà máa jẹ jù? Ìdọ́gba (equation) rẹ̀ ti wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n fún ìrísí tó ṣe wúruwùru kò sí ẹni tó lè yanjú rẹ̀. Prandtl, ará Jámánì, ti ṣàkíyèsí ní 1903 pé ìdọ́gba yẹn bá ti awọ ọṣẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mu, irú èyí tó máa ń dì sójú òrùka nígbà tí ọmọdé bá ń fẹ́ ìfófò. Griffith àti Taylor gé ihò tó ní ìrísí ọ̀pá náà sára irin pẹlẹbẹ, wọ́n na ọṣẹ sójú ihò náà, wọ́n fẹ́ ẹ kí ó wú díẹ̀, wọ́n wá ń wọn bí ó ṣe gẹ̀rẹ́ sí. Ibi tó gẹ̀rẹ́ jù ni ibi tí ìyà ti ń jẹ ọ̀pá jù. Ọṣẹ ló bá wọn ṣe ìṣirò. 1917 ni wọ́n gbé e jáde.

Griffith kò dúró níbẹ̀. Ó fẹ́ mọ ìdí tí gíláàsì fi ń fọ́ lábẹ́ ẹrù tó kéré jọjọ sí èyí tí ìṣirò ní ó yẹ kó gbé. Ó yọ́ gíláàsì, ó fà á di okùn, tín-ínrín, tín-ínrín sí i, ó ń fi ẹrù kọ́ ọ títí yóò fi já. Bí okùn náà ṣe ń tín-ínrín tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ fún ìwọ̀n ojú kan náà ń pọ̀ sí i. Ó sọ pé sísán kéékèèké tí ojú kò rí ló wà lára gíláàsì, okùn tín-ínrín kò sì ní àyè fún èyí tó tóbi. Lẹ́yìn náà ló kọ ìṣirò rẹ̀: ibi tó sán máa gùn sí i bí agbára tí ara ohun náà ń tú sílẹ̀ bá tó láti san owó ojú tuntun tó ń yọ. 1921 ni ìwé náà jáde. Ọ̀pọ̀ ẹnjiníà kò kà á sí, wọ́n ní gíláàsì kì í ṣe irin. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ ojú omi Liberty tí wọ́n fi wẹ́dà jó pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là sí méjì, ọkọ̀ akẹ́po kan tí wọ́n fi wẹ́dà jó pọ̀ bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ là níbi tí wọ́n so ó mọ́ èbúté, nínú òtútù. Lẹ́yìn rẹ̀, ní àwọn ọdún 1950, George Irwin ní láàbù ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà padà sí ìwé Griffith, ó sì tún un ṣe kó lè bá irin mu.

Ọwọ́ tó fa gíláàsì náà ló kọ ìdọ́gba. Bí ẹ bá wọ PhD tí ẹ rí i pé ìṣirò nìkan ni ẹ ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ wá ohun tí ẹ máa fọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé láàbù ni ẹ ń gbé, tí kò sí ìdọ́gba kankan tí ẹ lè kọ láìwo ìwé, ẹ ti di òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ olówó gọbọi nìyẹn.

Kọ̀ǹpútà ni ìdánwò tó le jù lóde òní. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní finite element, Clough, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, ló fún un ní orúkọ yẹn ní 1960: a ó gé ohun ńlá sí wẹ́wẹ́, a ó ṣírò ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó sì so wọ́n padà. Iṣẹ́ ribiribi ni. Àmọ́ àwòrán aláràbarà tó ń gbé jáde, pupa níbí, búlúù lọ́hùn-ún, ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Kọ̀ǹpútà máa ń dáhùn ìbéèrè tí kò nítumọ̀ pẹ̀lú àwọ̀ tó rẹwà. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wá bá mi, mo máa ń ní kó ya igi kan lórí ìwé, kó fi bírò ṣírò bó ṣe máa tẹ̀ tó. Bí iye tirẹ̀ àti ti kọ̀ǹpútà bá jìnnà síra, a kò ní sọ̀rọ̀ àwọ̀. Ẹni tí kò ní owó sọ́fítíwíà kò sì gbọdọ̀ jí i: sọ́fítíwíà CalculiX wà, FEniCS wà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n.

Lẹ́yìn PhD, ọ̀nà pín. Àwọn kan ń ṣe postdoc, ọdún kan sí mẹ́ta, iṣẹ́ ìwádìí lábẹ́ ẹlòmíràn kí wọ́n tó ní láàbù tiwọn. Àwọn kan ń lọ sí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú, ọkọ̀ ilẹ̀, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ń mú iná wá, tàbí sọ́fítíwíà. Ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀ o: ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ tó bá kan ọ̀rọ̀ ogun tàbí ọ̀pọ̀ láàbù ìjọba kì í gba ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wọn, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n tó. Ẹni tó bá mú ẹ̀ka ìwádìí tí àwọn yẹn nìkan ń lò ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀.

Ìdí tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń wá irú wa ni àárẹ̀ irin. Irin a máa rẹ̀. Ẹrù tí kò lè ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan lè ṣẹ́ ẹ bó bá ń bọ̀ tó ń lọ ní ìgbà mílíọ̀nù. Wöhler ní Jámánì ló kọ́kọ́ wọn èyí dáadáa ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, lórí ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ rélùwéè pọ̀. Comet ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ òfurufú jẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tó kó èrò, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1952; ní oṣù kìíní 1954 ọ̀kan já sínú òkun nítòsí Elba, ní oṣù kẹrin òmíràn já nítòsí Naples. Àwọn onímọ̀ ní Farnborough gbé odindi ara ọkọ̀ kan sínú ọpọ́n omi ńlá, wọ́n ń fi omi wú inú rẹ̀, wọ́n ń tú u sílẹ̀, bí ẹni pé ó ń gòkè tó ń sọ̀. Nígbà tí ìgòkè-sọ̀kalẹ̀ rẹ̀ lé díẹ̀ ní 3,000, ti òfurufú àti ti inú omi pọ̀, ara rẹ̀ fàya. Sípíríǹgì Micra yín, ohun tó ń pa á nìyẹn. Kòtò kan kò lè ṣẹ́ ẹ. Gbogbo kòtò láti Ojòó dé Challenge, lójoojúmọ́, ló ń ṣẹ́ ẹ.

Ẹ wá jẹ́ ká fi èyí wo ilé. Ẹ̀rọ tó ń dán àárẹ̀ irin wò lè fa irin ní ìgbà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá fẹ́ dé mílíọ̀nù mẹ́wàá, ọjọ́ mọ́kànlá àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ ni, iná kò sì gbọdọ̀ ṣẹ́jú. Ẹ ṣe é ní Ìbàdàn kí n wò ó. Ẹni tó padà wálé pẹ̀lú ìbéèrè tó kó wá láti òkè òkun máa jókòó ti ẹ̀rọ tó kú, á máa fi àpilẹ̀kọ àtijọ́ gun àkàbà: Assistant Lecturer, Lecturer II, Lecturer I, Senior Lecturer, Reader, Professor. Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Àkàbà náà ń béèrè iye àpilẹ̀kọ, èèyàn sì ní ọmọ láti bọ́. Àmọ́ àwọn tí mo rí tí iṣẹ́ wọn dára nílé ni àwọn tó yí ìbéèrè padà. Wọ́n ń wọn líle igi tí ìwé òyìnbó kò mẹ́nu kàn. Wọ́n ń wọn agbára tó ń bó èèpo ẹ̀gẹ́. Wọ́n ń bá àwọn dókítà egungun ṣiṣẹ́. TETFund, àjọ ìjọba tó ń fi owó ran ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, máa ń fúnni lówó ìwádìí, kò sì dìgbà tí ẹ bá ra ẹ̀rọ ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù.

Omi ńkọ́? Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa kún, ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó gbé èèyàn. Àwọn àgbà tó wà níbí rántí. Mechanics omi ló wà nídìí rẹ̀: bí ìyára omi bá di ìlọ́po méjì, ipá tó fi ń ti ohun tó dúró lọ́nà rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí omi tí kò ju orúnkún lọ fi ń gbé géńdé ọkùnrin. Bí pàǹtí bá dí ojú kọ́fátì, àyè tí omi ń gbà yóò dín kù, omi yóò gun ẹ̀yìn kọ́fátì náà, yóò sì wọ ilé. Ẹni tó bá fi ìgbésí ayé rẹ̀ wọn bí òjò Ìbàdàn ṣe ń ṣàn lórí ilẹ̀ tí kọnkéré ti bò, kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá. Ó nílò bàtà òjò, ọ̀pá tí a sàmì sí, àti ìṣirò tó dáa. Mo gbà pé iṣẹ́ náà wúlò ju ìdajì àpilẹ̀kọ tí mo ti bá wọn yẹ̀ wò fún jọ́nà, ìyẹn ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀, lọ.

Wọ́n ní kí n gba ìbéèrè mẹ́ta.

Bàbá kan béèrè pé ṣé owó wà níbẹ̀. Ẹ ṣé, sà. Owó tó ń gbé èèyàn wà, ti ariwo kò sí. Ẹni tó fẹ́ ra Benz ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, kó lọ ṣòwò, ẹ má jẹ́ kó wá gba PhD. Ẹni ọgbọ̀n ọdún nínú iṣẹ́ yìí sábà máa ń jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tàbí postdoc.

Ìyá kan béèrè ti ọmọ rẹ̀ obìnrin, pé ṣé iṣẹ́ irin kò ní le jù fún un. Mà, Sophie Germain, ọmọ Paris, kò lè wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga nítorí ó jẹ́ obìnrin. Ó ń fi orúkọ ọkùnrin, Monsieur LeBlanc, gba ìwé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní 1816 ẹgbẹ́ onímọ̀ Paris fún un ní ẹ̀bùn lórí ìṣirò bí irin pẹlẹbẹ ṣe ń gbọ̀n. Irin tó ń gbọ̀n kò béèrè ẹni tó ń ṣírò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa tú fáànù tó bá bàjẹ́ nílé, ẹ má ní kó lọ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin.

Ọmọ Poly kan béèrè pé òun ní HND, ṣé ọ̀nà ti dí. Rárá o. Ọ̀pọ̀ yunifásítì wa máa ní kí ẹ kọ́kọ́ ṣe PGD (Postgraduate Diploma) kí ẹ tó wọ másítàsì. Ó máa ń bí àwọn ọmọ Poly nínú, inú wọn kò sì bí lásán. Ṣùgbọ́n ẹ máa rí i pé ọwọ́ yín ti wà lára irin ju ti àwọn tí ẹ máa bá níbẹ̀ lọ. Ìṣirò ni wọ́n máa fi ṣíwájú yín. Nítorí náà, bí ẹ bá ti gba fọ́ọ̀mù, ẹ lọ yá ìwé Further Maths ti girama, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ ṣe gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀ dé differential equations kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, torí láti ọ̀sẹ̀ kejì ni olùkọ́ yóò ti máa lò ó bí ẹni pé gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n.